Ṣé ká gé igi orí ilẹ̀ ilé ìwòsàn wa ni?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kékeré, fún ìgbẹ̀bí àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Igi ọdán ńlá kan àti dóńgóyárò wà lórí ilẹ̀ náà. Bíríkìlà ní ká gé gbogbo rẹ̀, ká da kọnkéré yíká. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nínú oòrùn yìí, ta ni yóò gbé ọmọ jókòó sórí kọnkéré? Ìwádìí tí Roger Ulrich gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí fèrèsé wọn kọjú sí igi, tètè kúrò lọ́sibítù ju àwọn tó ń wo ògiri lọ.

Mo ń rò ó pé ká kọ́ ọ yí àgbàlá ká, bí agbo ilé àtijọ́. Àmọ́ báwo ni ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọdán tó, kí gbòǹgbò má baà la ìpìlẹ̀? Kí la lè gbìn tí kò ní di ibùba ejò (àwọn ìyá wa ti ń kùn)? Ta ló sì ń bomi rin ọgbà tiyín lẹ́ẹ̀rùn? Nọ́ọ̀sì ò kúkú ráyè.