Ẹ̀jẹ̀ ríru: eré Sátidé nìkan, kílò kò wálẹ̀, ìfúnpá ń fò sókè fò sílẹ̀

Àbúrò_Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 46 ni wọ́n, Ìkòròdú ni wọ́n ń gbé, erékùṣù Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jáde, ó ń di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ga ní mítà 1.68, wọ́n wọn kílò 96. Dókítà fún wọn ní amlodipine 5mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń sáré fún wákàtí méjì gbáko, síbẹ̀ òṣùwọ̀n kò yẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá nílé ń sọ onírúurú: 152/96 ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 134/84 lẹ́yìn eré Sátidé, 147/93 ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní jíìmù ní kí wọ́n pa eré tì, kí wọ́n máa gbé irin wúwo. Ṣé eré náà ò wúlò ni?

Fisio_Yábà:
Ó wúlò, kí wọ́n má pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ọwọ́ ìwọ̀n ṣe, torí nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kò ṣe é fi wéra. Lẹ́yìn eré, òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ̀, ìfúnpá á sì wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. 134 ti Sátidé kò sọ bí ara wọn ṣe rí lọ́jọ́ tó kù. Ti Ọjọ́bọ̀ náà, bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni, tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n wọ́n, ìyẹn nìkan tó láti gbé e sókè.

Láàárọ̀, kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má sì tíì jẹun tàbí lo oògùn. Àga tó ní ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù. Kọfí, sìgá àti eré kò gbọ́dọ̀ sí nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ara lásán ni bàǹdì tí ẹ̀rọ fi ń fún apá ń wà, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, bákan náà lálẹ́, fún ọjọ́ 7. Kí wọ́n yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, kí wọ́n ro ìyókù pọ̀, kí wọ́n fi iye ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n pín in. Bó bá tó 135/85 nílé, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ru. 140/90 tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ti ilé ìwòsàn nìyẹn.

Ẹ gbé téèpù, ẹ wọn apá wọn ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá. Bàǹdì tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá, apá 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ṣe é fún, ẹni kílò 96 sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàǹdì bá kéré, nọ́ńbà á ga ju òtítọ́ lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2023, ó fi nǹkan bíi 5 kún nọ́ńbà òkè (èyí tó ṣáájú, bíi 152 nínú 152/96) àwọn tó yẹ kí wọ́n lo bàǹdì ńlá, ó sì fi nǹkan bí 20 kún ti àwọn tí apá wọn tún tóbi jùyẹn. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, wọ́n lè torí rẹ̀ fi oògùn kún oògùn. Bí apá wọn bá ju 32 lọ, ẹ ra bàǹdì 32 sí 42 tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín gan-an ṣe.

Ní ti eré, ìfúnpá tí eré kan bá mú wálẹ̀ kì í sábà kọjá ọjọ́ kan kó tó padà. Sátidé ń gba Sátidé, ó lè kan Àìkú, Ọjọ́ Ajé dé, ó ti tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré tí kò le jù, àti eré tó ń mú iṣan le lọ́jọ́ méjì. Láti 2020 ni wọ́n sì ti mú òfin pé ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kúrò. Èyíkéyìí tí wọ́n bá rí ṣe ni a ó kà.

Apòògùn_Àgbègbè:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń lò sí ara ríro lẹ́yìn eré wákàtí méjì yẹn?

Àbúrò_Ìkòròdú:
Orúnkún ló ń dùn wọ́n, mà. Diclofenac ni, láti Sátidé títí di Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun.

Apòògùn_Àgbègbè:
Mo rò bẹ́ẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen ń mú kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ìfúnpá á sì lọ sókè. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí 147 yọ, oògùn yẹn wà lára wọn. Kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n lo paracetamol níwọ̀nba, kí wọ́n sì fi rírìn kíákíá rọ́pò eré sísá títí orúnkún á fi rọlẹ̀. Bí kókósẹ̀ bá ń wú, ó lè jẹ́ amlodipine ló fà á. Kí wọ́n sọ fún dókítà, kí wọ́n má fúnra wọn já oògùn sílẹ̀. Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: bí ẹ bá ń lo atenolol tàbí bisoprolol, àwọn oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn, ẹ má fi lílù ọkàn díwọ̀n eré, torí oògùn náà kò ní jẹ́ kó yára. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ lò: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, eré náà tó.

Onímọ̀_Oúnjẹ:
Ìdí tí òṣùwọ̀n kò fi yẹ̀ nìyí. Ẹni kílò 96 tó bá rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á jó nǹkan bí 200 kálórì. Míńírà 50cl kan tí wọ́n bá rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè ní ṣúgà 50 gíráàmù, ìyẹn náà jẹ́ 200. Gààrí gbígbẹ 100 gíráàmù, nǹkan bí 350. Ṣíbí ọbẹ̀ kan epo pupa, nǹkan bí 120. Ọ̀rá kílò kan sì tó 7,700. Eré nìkan kò lè sáré bá oúnjẹ tí a ń jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn tí ebi ti pani látàárọ̀. Kí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán láti ilé, ẹ̀wà ló dáa jù, kí òkèlè alẹ́ má ju ìkúùkù wọn lọ, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ jù ú lọ nínú àwo.

Iyọ̀: kò yẹ kó kọjá gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Magí wà nínú ìṣirò yẹn, torí iyọ̀ lé ní ìdajì nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń fi magí mẹ́fà sí ìkòkò, tó tún bu iyọ̀ sí i, kó fi méjì sí i, kó fi irú aláìníyọ̀, edé, àlùbọ́sà àti ata gbé adùn rẹ̀. Ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní potassium tó ń ran ìfúnpá lọ́wọ́ láti wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ń ṣe wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà.

Kí wọ́n má sì wo òṣùwọ̀n nìkan. Kí wọ́n fi téèpù yí ikùn ká lọ́nà agbedeméjì egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti orí ìbàdí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mí síta. Ó yẹ kó kéré sí ìdajì gíga wọn, 84 sẹ̀ǹtímítà. Ikùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà kí kílò tó yẹ̀. Nígbà tí kílò bá sì ń lọ, kílò kan máa ń mú nǹkan bíi 1 kúrò lára nọ́ńbà òkè.

Àbúrò_Ìkòròdú:
Mo dúpẹ́ gan-an. Ìṣòro tó kù ni àyè. Àdúgbò wa ṣókùnkùn lálẹ́, èéfín ọkọ̀ ló kún ẹ̀bá títì láàárọ̀.

Fisio_Yábà:
Kí wọ́n má rin ẹ̀bá títì ńlá ní àkókò yẹn rárá. Ibi iṣẹ́ ni kí wọ́n lò: ìṣẹ́jú 10 lórí àtẹ̀gùn tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 15 ní ọ̀sán, ọjọ́ márààrún. Ìyẹn ti di 125. Sátidé, kí wọ́n rin 45 ní òpópónà inú kí oòrùn tó mú. Ó ti ju 150 lọ.

Lálẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni jókòó sórí àga tí kò sí, ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n sinmi méjì, lẹ́ẹ̀mẹrin. Àkójọ ìwádìí 270 tó jáde ní 2023 fi hàn pé irú eré ìdúró-sójúkan yìí mú nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní nǹkan bíi 8, nígbà tí rírìn, sísáré àti irú wọn mú un wálẹ̀ ní 4 àti ààbọ̀. Nítorí orúnkún, kí wọ́n má kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ jìnnà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí orúnkún bá dùn, kí wọ́n dìde.

Irin náà dáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi sé èémí. Èémí sísé ló ń ti ìfúnpá sókè lójijì. Èyí tí wọ́n lè gbé nígbà 12 sí 15 ni kí wọ́n mú, kí wọ́n mí síta nígbà tí wọ́n bá ń gbé e. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá sọ 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí eré lọ́jọ́ náà, dókítà ni kí wọ́n rí. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí èémí ò délẹ̀, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ apá kan kọ̀ láti gbé, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.