Ìròyìn ìkẹyìn lórí ìwé owó kànga tí mo bèèrè: wọ́n ti fún mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bèèrè níbí bí mo ṣe lè fi òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn (òfin tó jẹ́ kí ará ìlú lè bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba) mọ ibi tí owó kànga ìlú wọlé sí. Mo wá kádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n má bèèrè "kí ló dé", pé ìwé gan-an ni kí n bèèrè. Mo dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀dà àdéhùn iṣẹ́, rìsíìtì owó tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe, àti ìwé tí ẹ̀njíníà fọwọ́ sí pé iṣẹ́ parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo kọ̀wé sí kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà tí mo kọ̀wé ẹ̀hónú sí ọ̀gá wọn ni wọ́n tó dáhùn.

Ìwé ìparí iṣẹ́ yẹn ló tú àṣírí! Kànga mẹ́rin ló wà nínú ìwé. Méjì péré la rí nílẹ̀. Ohun tí àwọn ará abúlé Rajasthan ní Íńdíà ṣe ní àwọn ọdún 1990 nìyẹn: wọ́n ń ka ìwé owó ìjọba sókè ní gbangba, àwọn tí ìwé ní wọ́n gbowó iṣẹ́ sì ń dìde pé àwọn ò gba nǹkan kan. Ìjà wọn wà lára ohun tó bí òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ọdún 2005 níbẹ̀.

Ẹni tó bèèrè bóyá èèyàn gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi ń bèèrè ìwé: òfin Íńdíà ò béèrè ìdí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Nàìjíríà ọdún 2011.

Àwọn ẹ̀dà náà àti fọ́tò ti wà lọ́wọ́ àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Mi ò ní kọ nǹkan kan síbí mọ́ títí wọn ó fi parí ìwádìí.