Síríìnjì ínsúlínì Màmá tán, èyí tí kẹ́mísìtì fún mi yàtọ̀

Ọmọ Òjé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń gún màmá mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì nílé, 20 yúnìtì láràárọ̀, nítorí àtọ̀gbẹ. Síríìnjì kékeré onídèérí aláwọ̀ ọsàn ti tán. Kẹ́mísìtì fún mi ní èyí tó ń gba 2ml, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò rí 20 lára rẹ̀. Ibo ni kí n fà á dé? Ibo ni kí n sì máa da àwọn tí a ti lò sí? Ọwọ́ lásán ni onídọ̀tí àdúgbò wa fi ń ki ọ̀rá wọ inú ọmọlanke.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fa nǹkan kan! Ẹ wo ara ìgò oògùn Màmá. Tí wọ́n bá kọ 100 IU/ml síbẹ̀ (ìyẹn 100 yúnìtì nínú 1ml), ojú 0.2ml péré ni 20 yúnìtì yín mọ. Tí síríìnjì 2ml yẹn bá kún, 200 yúnìtì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Wọ́n gbé bàbá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa rí, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń sọ kántankàntan, wọn ò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ síríìnjì wọn nílé ni. Ẹ wá onídèérí ọsàn tí wọ́n kọ U-100 sí lára lónìí, ẹ má jẹ́ kí Màmá fo oògùn. Ẹ ṣọ́ra fún onídèérí pupa náà, U-40 ni, oògùn tó ní 40 yúnìtì nínú 1ml ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá fa oògùn yìí dé ojú 20 tirẹ̀, 50 yúnìtì lẹ fà yẹn.

Ní ti dídà nù, inú mi kì í dùn tí mo bá rí abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ wá ike ọṣẹ ìfọṣọ olómi tó le, tó ní ìdérí. Bí ẹ bá ti gún Màmá tán, inú rẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ wọ̀ tààrà. Tó bá ku díẹ̀ kó kún, ẹ dé e pa, ẹ gbé e lọ fún wọn níbi tí Màmá ti ń gba ìtọ́jú.

Ìyá Aláṣọ Dùgbẹ̀: Nọ́ọ̀sì, ṣé a kò ní kọ́kọ́ dé abẹ́rẹ́ padà?

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá: Rárá, mà. Ibi tí èèyàn ti ń dé e padà gan-an ló ti ń gún un lọ́wọ́. Tí èyí tí wọ́n lò fún ẹlòmíì bá gún yín, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fún un. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B pẹ̀lú.