Fíìmù wo ló lè bá ẹni tó ti kúrò nínú Ìjọ Àgùdà sọ̀rọ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń wá fíìmù tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè jọ wò. Ó ti kúrò nínú Ìjọ Àgùdà tí wọ́n bí wa sí, síbẹ̀ bó bá gbọ́ òórùn tùràrí, omijé á lé ròrò sí i lójú. A ti wo Spotlight ti ọdún 2015. Ó dára, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn oníròyìn ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tó tú àṣírí àwọn àlùfáà tó ń fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ àwọn ọmọdé, ni. Philomena ti ọdún 2013 ló wọ̀ ọ́ lára jù, nítorí pé Martin, oníròyìn kan tó ti pa ìgbàgbọ́ tì, àti ìyá tí àwọn sístà Ireland gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣì di ẹ̀sìn rẹ̀ mú, jọ ń rìnrìn àjò. Èwo ni ẹ tún mọ̀ tí kò ní bú ohun tí ìyá wa ṣì gbàgbọ́?