Ẹ̀yin tó ti yọ nucleus (ibi tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì) ẹ̀dọ̀ eku rí, kí lojú yín rí nídìí kinase, ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ fọ́sífétì mọ́ prótéènì?

Aṣèwádìí: Ẹ kú iṣẹ́ láàbù o. Nucleus mi mọ́ dáadáa lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ṣùgbọ́n fọ́sífétì tó ń lẹ̀ mọ́ histone (prótéènì tí DNA ń wé mọ́) kò tó nǹkan. ATP tí kinase ti ń mú fọ́sífétì wà níbẹ̀, magnesium náà wà. Ta ló ti kan irú èyí rí?

Yìnyínlààbò: Phosphatase, ẹ́ńsáìmù tó ń já fọ́sífétì kúrò, ló jẹ ẹ́. Àtìgbà tí ẹ ti ń lọ ẹ̀dọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, yìnyín kàn ń dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni. Inú bọ́fà tí ẹ fi ń lọ̀ ọ́ ni kí sodium fluoride àti orthovanadate tó ń dá a dúró ti wà, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ da ATP sí i.

Ìyá Histone: Vanadate! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé pH rẹ̀ sí 10, kí ẹ sè é títí àwọ̀ ìyeyè yóò fi pòórá. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún pH rẹ̀ ṣe, ẹ tún un sè. Láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, igo tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni gbogbo wọn ń bù nínú rẹ̀. Decavanadate ni, ìyẹn vanadate tó ti so pọ̀ mọ́ra! Inú ṣì ń bí mi.

Délé_K: Tiwa náà pọ́n 😳

Ọ̀rẹ́ Chromatin: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú, mi ò rò pé phosphatase nìkan ni. Kinase yẹn lè ti jò jáde. Awọ nucleus ní ihò, Triton (ọṣẹ láàbù) sì tún ń bó awọ òde. Ẹ rántí DNA polymerase alpha, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ẹ̀dà DNA: inú omi sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń rí i, àfìgbà tí àwọn kan yọ nucleus láìlo omi, ni wọ́n bá rí i nínú nucleus.

Kò-dá-mi-lójú: Tó bá jẹ́ pé ó ń jò, kí ló dé tí CK2, ọ̀kan nínú àwọn kinase, ṣì wà nínú tèmi lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́?

Ọ̀rẹ́ Chromatin: Torí ó dì mọ́ chromatin, ìyẹn DNA pẹ̀lú histone rẹ̀. Ṣé CK2 ló dá yín lójú pé ẹ rí? Ẹ fún un ní GTP, ìbátan ATP, dípò ATP. Ọ̀pọ̀ kinase ò lè lò ó, CK2 ń lò ó. Kí ẹ wá fi heparin dá a dúró.

Kò-dá-mi-lójú: Heparin nìkan ni mo lò. Ó dáa, màá gbìyànjú GTP.

Délé_K: Ta ló ṣì ń lo 32P, phosphorus onítànṣán, láti rí fọ́sífétì? Antibody tó ń dá ibi tó lẹ̀ mọ́ mọ̀ ti dé.

Ìyá Histone: Antibody ò lè fi ibi tí o ò mọ̀ hàn ọ́. 32P ń fi gbogbo rẹ̀ hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 14 péré ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Ike acrylic tó nípọn ni kí ẹ fi ṣe ààbò o. Òjé nìkan á tún bí X-ray sí i.

Yìnyínlààbò: Aṣèwádìí, ṣé omi òkè tó kù lẹ́yìn centrifuge ṣì wà? Ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá ó jò.

Aṣèwádìí: Ó wà nínú firísà. Casein, prótéènì wàrà tí kinase lè lẹ fọ́sífétì mọ́, ni màá fi wọ̀n ọ́n lọ́la.