Ìdáhùn: "Ilé-ẹ̀kọ́ akéréníye", ta ló kéré?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ òfin owó ìrànwọ́ MSEIP, tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lárugẹ, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n "ilé-ẹ̀kọ́ akéréníye" tí ẹ fi túmọ̀ "minority institution" há mi lọ́fun.

Òfin yẹn fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, aláwọ̀dúdú, Hispanic (àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì) àti àwọn mìíràn bíi tiwọn ju ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ lọ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó yẹ fún owó náà. Ẹni tó ju ìdajì lọ ni ẹ wá ń pè ní akéréníye! Láàárín ìlú àti nídìí sáyẹ́ǹsì ni wọn ò ti pọ̀, kì í ṣe nínú kíláàsì. "A-" iwájú rẹ̀, tó ń sọ ìṣe di olùṣe, ló bà á jẹ́. Akọ̀wé ń kọ̀wé, apẹja ń pẹja. Akéréníye ńkọ́, ṣé kíkéré niṣẹ́ rẹ̀? Àwọn àgbà tó tọ́ mi kì í pe ènìyàn ní kékeré lójú ara rẹ̀.

Ẹ tún kó HBCU, ìyẹn àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a dá sílẹ̀ fún aláwọ̀dúdú láyé àtijọ́, mọ́ ọn, ẹ pè é ní "ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀dúdú". HBCU ò ka orí ẹnikẹ́ni: kí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ṣáájú 1964, kó sì jẹ́ pé torí ẹ̀kọ́ aláwọ̀dúdú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ìyẹn ni òfin ń wò. Bluefield State ní West Virginia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895 fún ọmọ aláwọ̀dúdú, àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, HBCU ṣì ni. Nítorí náà "ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀dúdú" ò tó. Ẹ fi "tí a dá sílẹ̀ fún" sí i, kó gùn bó ṣe fẹ́ gùn. Ọ̀rọ̀ owó ni: ní oṣù Kẹsàn-án 2025, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń dá owó MSEIP àti ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Hispanic dúró, torí pé ẹ̀yà ni wọ́n ń kà. HBCU ò sí nínú rẹ̀, kódà wọ́n rí àfikún. Ẹni tó bá ka ìtumọ̀ yín ò ní mọ ìdí.

"Ẹ̀tọ́ sí owó" tí ẹ fi túmọ̀ "eligibility" ńkọ́? Ẹ̀tọ́ mi ni ohun tí wọn ò gbọdọ̀ fi dù mí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó yẹ lè kọ̀wé béèrè, kó má rí kọ́bọ̀. "Yíyẹ" ti tó. Ẹni tó dá "ìyẹ" lábàá lánàá, ẹ má bínú, ìyẹ́ adìyẹ ni mo kọ́kọ́ kà á sí.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí àwa kan. A dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹ dáhùn ti "a-" yẹn ná. Ẹni tó sì ń bá mi fà á pé "sáyéǹsì" ló tọ́, mi ò tíì gbà o.