Kí ni kí n mú dání lọ síbi àyẹ̀wò autism ọmọ mi?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 3. Bí mo bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Ìdérí ìgò ló máa ń tò gbọọrọ sílẹ̀. Ẹ yí ẹyọ kan péré, ẹkún dé nìyẹn. Wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ràn dáadáa. Nígbà tó pé oṣù 24, mo dáhùn ìbéèrè 20 inú M-CHAT-R, ìwé ìbéèrè tí òbí fi ń wo àmì autism lára ọmọ kékeré, àmì ewu pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ dókítà ní kí n ṣì máa wò ó. Ọdún kan gbáko lọ báyẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Wọ́n fẹ́ ṣe àyẹ̀wò autism tí wọ́n ń pè ní ADOS-2 fún un báyìí, wọn yóò máa bá a ṣeré, wọn yóò sì máa ṣọ́ ìṣe rẹ̀. Àmọ́ ojú àlejò máa ń tì í. Ṣé fídíò tí mo yà nílé lè wúlò fún wọn?